Oògùn kòkòrò inú ìgò omi: òfin ti wà, kí ló kù?

Ìbéèrè

Mo ń gbé ní Ọbáńtókò, ní Abẹ́òkúta. Láti ọdún 2019 ni a ti ń gbọ́ lórí rédíò pé NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré oògùn kòkòrò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sniper. Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ ra aṣọ ọmọ ní ọjà kan nínú ìlú yìí, mo sì rí ọkùnrin kan tó gbé igbá lérí, tó ń polówó oògùn ìdun, oògùn aáyán àti oògùn eku. Mo ra ọ̀kan ní ₦500. Inú ìgò omi ni ó wà, kò sí ìwé kankan lára rẹ̀, ó sì funfun bí omi ògì. Kí wá ni ìwúlò òfin tí ìjọba ṣe? Lójú tèmi, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n fi ìyà jẹ, nítorí oògùn náà kò lọ síbì kankan. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.

———

Èsì àkọ́kọ́

Òfin náà lọ síbì kan, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí o ti ra tìrẹ. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀wà àti àgbàdo ni mo sì ń tà ní Láfẹ́nwá báyìí, nítorí náà mo mọ oògùn yìí láti inú ìwé, mo sì mọ̀ ọ́n láti inú ọjà.

Dichlorvos ni orúkọ oògùn tó wà nínú ìgò Sniper. Ohun tí NAFDAC pa láṣẹ ní ọdún 2019, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè ti di ọ̀gá àgbà wọn, ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ìgò tó jẹ́ 100ml tàbí èyí tó kéré sí i mọ́, yálà ní ọjà gbangba tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tí a ti ń ra oúnjẹ. Ìgò lítà kan ni wọ́n ní kó kù, kí ó sì jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn tó gba àṣẹ láti ta oògùn oko nìkan ni a ó ti máa rà á. Àwọn ènìyàn ń fi ìgò kékeré náà gbẹ̀mí ara wọn, àwọn mìíràn sì ń fín in sí oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ tà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àṣẹ mìíràn tẹ̀lé e: paraquat tí a fi ń pa koríko ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024, chlorpyrifos tí a fi ń pa kòkòrò ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, àti atrazine, oògùn koríko mìíràn, ní oṣù Kìíní ọdún 2025.

Mo lè jẹ́rìí pé ìgò kékeré náà ti kúrò lórí pẹpẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tí mo máa ń wọ̀. Ìgò lítà kan ni kò kúrò, ibẹ̀ sì ni ewu tuntun ti gbà wọlé. Ẹnìkan yóò ra lítà kan, yóò bu omi là á, yóò pín in sí ìgò omi tí wọ́n ṣà nílẹ̀, yóò sì gbé igbá lérí. Funfun tí o rí yẹn ni ẹ̀rí pé wọ́n ti là á, nítorí oògùn náà fúnra rẹ̀ kì í funfun kí omi tó kàn án. Nígbà tó wà nínú ìgò kékeré ti tẹ́lẹ̀, ó kéré tán, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, àwòrán agbárí wà lára rẹ̀, ohun tí dókítà yóò ṣe bí ẹnìkan bá gbé e mì náà wà lára rẹ̀. Ìwé ara ìgò yẹn nìkan ni ohùn ìjọba tó lè bá májèlé dé inú yàrá ẹni. Ẹni tó bá tú oògùn sínú ìgò omi ti ya ohùn náà dànù, májèlé nìkan ló tà fún ọ.

Mo dúró lẹ́yìn òfin náà. Ó kù díẹ̀ káàtó ni, díẹ̀ tó kù náà sì ni ẹnu ìgò.

———

Èsì kejì

Èmi kan náà tó dáhùn lẹ́ẹ̀kan ni mo padà wá. Mo ti ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ èsì mi láti àárọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni pé, “Kí ni kí á wá fi pa ìdun?” Arákùnrin kan láti Adátán sọ pé ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí òun ti ń fín in sí yàrá òun, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn ní kí ọlọ́pàá kó gbogbo àwọn tó ń kiri rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà parí.

Mo bẹ arákùnrin wa ará Adátán pé kó fetí sílẹ̀. Wọn kò ṣe dichlorvos fún yàrá tí ènìyàn ń sùn sí. Oògùn oko ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn oògùn kòkòrò tí ewu wọn ga gidigidi, ìdí nìyẹn tí ilà àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìwé ara ìgò rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ pupa. Ìwà rẹ̀ ni pé ó máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà bí o bá fín in sí abẹ́ ibùsùn lálẹ́ tí o sì ti fèrèsé, òun ni ìwọ àti àwọn ọmọ yóò máa mí símú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun tó ń ṣe sí kòkòrò náà ló ń ṣe sí ènìyàn: ó ń dí ohun tí ara fi ń dá iṣan dúró lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, iṣan kò wá ní mọ ìgbà tó yẹ kí ó sinmi. Orí fífọ́, omi ojú, èébì àti àyà tó ń há, tí a máa ń sọ pé ibà ló fà á, ẹ bi ara yín léèrè bóyá alẹ́ ọjọ́ tí ẹ fín oògùn ni ó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìdun, omi híhó lára igi ibùsùn, oòrùn líle fún tìmùtìmù lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra, àti dídí gbogbo ojú ihò tó wà lára ògiri ni mo mọ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, n kò purọ́. Ní ti ẹ̀fọn, àwọ̀n. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra oògùn, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún inú ilé, tó ní nọ́ńbà NAFDAC àti ìwé lára.

Ohun tó mú kí n máa sọ̀rọ̀ báyìí rèé. Ní ọdún 2021, ọmọ àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, fa ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan jáde lábẹ́ ibùsùn, ó sì mu nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdúró, gbogbo ara rẹ̀ tutù fún òógùn, dúdú ojú rẹ̀ sì ti fún pọ̀ títí tó fi kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Aládùúgbò kan ti rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi wá ni pé, “Kí ló mu?” Ìyá rẹ̀ na ìgò náà sí i. Orúkọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló wà lára rẹ̀. Ọ̀tapíápíá ni ẹni tó tà á pè é, ohun tó sì ń jẹ́ ọ̀tapíápíá lónìí lè yàtọ̀ sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ojú ọmọ náà àti òórùn ẹnu rẹ̀ ni dókítà fi mọ̀ ọ́n, tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní abẹ́rẹ́ atropine. Ọmọ náà yè, ó ti ń lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n mo rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe di ìgò náà mú títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.

Nítorí náà, epo pupa kò pa májèlé, mílíìkì kò pa á, ẹ má sì ti ọwọ́ bọ ọmọ lọ́fun kó lè bì, nítorí pé epo tí wọ́n fi po oògùn náà lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, ẹ mú ìgò náà dání, kí ẹ sì máa sáré lọ.

———

Èsì kẹta

Arábìnrin kan béèrè pé kí ló pa ẹ̀wà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìdun. Oògùn kan náà ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà sì ni ibi tó ti kàn mí jù.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró lẹ́nu ibodè wọn nítorí dichlorvos. Ohun tí òfin wọn gbà láàyè kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì lọ títí dé 4.6, èyí tó jẹ́ ìlọ́po 460. Wọ́n fi kún àkókò ìdádúró náà ní 2016, wọ́n sì tún fi kún un ní 2019. Gbogbo ariwo tí a pa nígbà náà dá lórí owó ilẹ̀ òkèèrè tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ló béèrè ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà náà báyìí tí Yúróòpù kọ̀ ọ́.

Èmi náà ti fín in rí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ níbí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọjà, ohun tí mo bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú mi ni mo ṣe: ìdérí oògùn méjì sínú omi, a ó fín in sára àpò yí ká, a ó ta tapólì bò ó, nígbà tó bá sì di ọjọ́ kejì, òkú kòkòrò yóò ti kún ilẹ̀. Ìgbà tí mo ka ìròyìn 2015 ni mo tó ronú pé ohun tí àwọn àjèjì kò fẹ́ kí ọmọ wọn jẹ ni mo ń wọ̀n fún ìyá tó ní oyún ní Láfẹ́nwá. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fín in mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta oúnjẹ ní Kútọ̀ sọ pé a máa ń fọ ẹ̀wà, a sì máa ń sè é, pé iná yóò ti lé oògùn jáde. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: fífọ̀ àti sísè máa ń dín in kù. Ṣùgbọ́n ta ló mọ iye tó wà níbẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù? Ẹni tó fín in kò fi ìwọ̀n kankan wọ̀n ọ́n, ìdérí ìgò ni.

Ohun tí mo ń lò báyìí ni àpò onípele mẹ́ta, tí àwọn olùṣèwádìí Fásitì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Kamẹrúùnù ṣe pilẹ̀ rẹ̀ nítorí ẹ̀wà gan-an. Ọ̀rá nínípọn méjì wà nínú, àpò híhun wà níta. Láti oko ni kòkòrò ti máa ń yé sára èèpo ẹ̀wà, ẹ̀wà tí ojú rẹ̀ mọ́ lè gbé ẹyin wá sí ọjà láìjẹ́ pé a rí i. Bí a bá kó ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sínú àpò náà, tí a fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, tí a di ẹnu ọ̀rá kìíní, tí a di ti èkejì, tí a sì di ti àpò, àwọn kòkòrò tó bá pa nínú rẹ̀ yóò mí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù tán, wọn kò sì ní lè jẹ, wọn kò ní lè bímọ mọ́. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni kí ènìyàn máa tú u wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì. Ẹ sì ṣọ́ eku, nítorí ihò kan péré ti tó.

Ọ̀gbẹ́ni ará Kútọ̀ yìí náà ló ní àpò náà ti wọ́n jù, pé ata gbígbẹ àti ewé dóńgóyárò ti tó. Fún kóńgò márùn-ún tó wà ní ilé ìdáná, mo gbà. Fún ogójì àpò tó ń dúró de oṣù Kẹjọ, kò tó rárá, mo ti gbìyànjú rẹ̀ mo sì pàdánù àpò mẹ́fà. Owó àpò onípele mẹ́ta ju ti àpò lásán lọ lóòótọ́, àmọ́ bí eku kò bá dá a lu, mo máa ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ibí yìí ni mo ti ń bá ìjọba jà: owó tí wọ́n fi ń polówó òfin lórí rédíò dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé àpò yìí wá sí Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ ọjà ní ẹ̀dínwó, oògùn yóò kúrò lára ẹ̀wà kí ẹnikẹ́ni tó mú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀wà, ẹ ran wa lọ́wọ́. Ẹ máa ń na ọwọ́ sínú igbá, bí ẹ bá rí kòkòrò kan, ẹ ó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí kòkòrò kankan kò sì sí nínú rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ẹni tó ń tà á fi tọ́jú rẹ̀. Nílé, kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, tí a rọ ẹ̀wà kún dé ẹnu tí a sì dé e pa, ti tó ìdílé kan.

———

Èsì kẹrin

Àgbẹ̀ kan láti Òdẹ̀dá bínú sí mi. Ó ní àwa ará ìgboro ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé koríko ń dúró de ènìyàn, pé owó àwọn tó ń roko ti ju èrè ẹ̀gẹ́ lọ, pé paraquat ló ń gbé oko ró, pé àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ìjọba láti fòfin dè é.

Ọ̀rọ̀ owó tí ó sọ, òtítọ́ ni, ọkọ mi ń dáko, mo mọ iye tí a ń san. Ti òyìnbó ni n kò gbà. Àwọn ará Yúróòpù lé paraquat kúrò lóko tiwọn ní ọdún 2007, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ sí òkèèrè. Bí ẹnìkan bá ń fi wá ṣe nǹkan, ẹni tó ń tà á fún wa ni. Ẹ̀kún ẹnu kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè pa àgbàlagbà, ẹ̀dọ̀fóró yóò máa le díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kò sì sí abẹ́rẹ́ kankan tí ó lè yí i padà bí atropine ṣe yí ti ọmọ wa padà. Síbẹ̀, ilà àwọ̀ yẹ́lò ló wà lára ìgò rẹ̀, kì í ṣe pupa. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ nìkan díwọ̀n ewu yóò ṣìnà lórí eléyìí. Síríláńkà, tí àgbẹ̀ pọ̀ sí bíi tiwa, fòfin dè é àti àwọn oògùn méjì mìíràn láàárín 2008 sí 2011. Iye àwọn tó ń fi oògùn oko gbẹ̀mí ara wọn dín kù níbẹ̀, ìrẹsì wọn kò sì dín.

Ibi tí mo ti gbà fún àgbẹ̀ náà ni pé a gba páńda lọ́wọ́ ènìyàn láìfi wúrà sí i lọ́wọ́. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ ti ìjọba ti wà lóko kí ọjọ́ òfin tó pé, kí wọ́n fi bí a ṣe ń gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀gúsí sí ààrin ẹ̀gẹ́ kí ó lè bo ilẹ̀ han ènìyàn. FUNAAB, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Àlàbátà níhìn-ín, ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Ìgbà tí kò sí ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ ni ó di ohun tí a ń rà ní kọ̀rọ̀, ẹnu ibodè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kò sì jìnnà sí ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan sí i. Páǹpù tí ọkọ mi fi ń fín oògùn lóko, tó máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, máa ń jò lẹ́bàá ìdérí. Fún ọdún mẹ́ta, ojú ibi tó ti ń jò sí i lẹ́yìn bó, ó sì le bí awọ. Rọ́bà ìdérí ni a pààrọ̀, kò ná wa ní owó kan tó ṣe gúnmọ́.

———

Èsì karùn-ún

Ẹnìkan ní kí á má gbàgbé àwọn aláró Ìtòkú àti Asẹ̀rò. Òótọ́ ni. Elú àti omi eérú ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe àdìrẹ. Kẹ́míkà méjì, caustic soda àti háídírọ́ọ̀sì, ni ọ̀pọ̀ ń lò lónìí. Caustic soda ń jẹ ọwọ́, èéfín háídírọ́ọ̀sì ń há ènìyàn lọ́nà ọ̀fun, ibi tí omi aró bá dà sí nínú gọ́tà, ọ̀nà odò Ògùn ni ó ń lọ, odò kan náà tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ ìlú yìí ní Àrákàngá. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn àti ibi kan ṣoṣo tí gbogbo aláró yóò máa da omi wọn sí kí a tó tọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ni èyí, n kò rò pé ó kọjá agbára wọn. N ó dúró níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìgò má baà sọnù.

———

Èsì kẹfà

Ọmọ mi ará Ọbáńtókò ti padà wá, ó béèrè pé bí òfin kò bá tó, kí ni kí ìjọba ṣe, àti pé kí ni kí òun ṣe sí ìgò tó wà lọ́wọ́ òun, tí kò tíì ṣí.

Ní ti ìjọba: àwọn tí wọ́n wà ní Abújà kò lè ṣọ́ igbá tó wà lórí ènìyàn ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí a wà ní kékeré, wolé-wolé máa ń wọ agbolé, ó ń yẹ ìkòkò omi wò, gbogbo ènìyàn sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ dá wọn padà sí ọjà, kí wọ́n máa bá ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà rìn, kí iṣẹ́ wọn sì jẹ́ ohun kan péré: oògùn kankan tí kò bá sí nínú ìgò tí ilé-iṣẹ́ rọ ọ́ sí, tí kò ní ìwé rẹ̀ lára, kí wọ́n gbà á. Kí ẹni tó ń ta lítà kan ní ṣọ́ọ̀bù oògùn oko máa kọ orúkọ ẹni tó rà á sílẹ̀. Ẹni tó ní kí ọlọ́pàá kó àwọn tó ń kiri, n kò bá a lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohun tí wọ́n gbé lérí, igbá orí wọn ni ó sì ń kọ́kọ́ dà sí wọn lára. Ẹni tó ń tú lítà kan sínú ìgò omi fún wọn ni kí a wá rí.

Ní ti ìgò rẹ: má ṣe dà á sí gọ́tà, má dà á sínú ṣáláńgá, má sì tú u sínú ìgò mìíràn. Mú bírò, kọ “MÁJÈLÉ OÒGÙN KÒKÒRÒ” sórí bébà, fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn yí ká. Gbé e dúró sínú ike tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, kí o sì gbé e sí ibi gíga tí a lè tì pa, jìnnà sí oúnjẹ. Bí ó bá di ọjọ́ Túsìdeè, gbé e wá sí ìsọ̀ mi ní Láfẹ́nwá ní aago mẹ́wàá. Mo ní méjì tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. A ó jọ kó wọn lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC, n ó sì ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n sílẹ̀ lójú wa.